Ọṣẹ Olómi fún Inú Ọkọ̀

Ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ọba Akran, Ògbà àti Agége ní Èkó lójoojúmọ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ eruku àti èéfín, nítorí náà ó yẹ kí onímọ́tò mọ irú ọṣẹ olómi tí ó ń fín sínú rẹ̀. Èyí tó ní amóníà, ìyẹn kẹ́míkà olóòórùn líle tó wọ́pọ̀ nínú oògùn ìnu-dígí, máa ń ba tíńtì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ní sílíkónì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ike dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, lè jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn kọ mànà láti orí dáṣíbọọ̀dù sójú dígí iwájú, débi pé awakọ̀ kò ní ríran dáadáa, ewu èyí sì ju ti ìdọ̀tí lọ. Èyí tí òórùn rẹ̀ kò le ló yẹ kí onímọ́tò rà, orí aṣọ rírọ̀ ni kó sì fín in sí, kì í ṣe orí bọ́tìnnì rédíò. Àjọ NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ló ń mójú tó kẹ́míkà àti ọṣẹ bí ó ti ń mójú tó oògùn. Kí olùrà wá nọ́ńbà àjọ náà lára ike kó tó sanwó, kó má sì gba èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi tí kò ní àkọlé.