Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ Wà Lórí Ìkànnì Òyìnbó
Ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, ìkànnì British Museum ni yóò ṣí, torí láti ìgbà àfihàn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wáyé ní Wembley ní 1924 ni ilẹ̀kùn náà ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkànnì ìrìn-àjò tiwa ní Èkìtì ńkọ́? Kí àwọn tó ń bójú tó o yọ àwòrán olóṣèlú kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, ó jàre! Ẹni tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ fẹ́ mọ ibi tí yóò ti sọ̀kalẹ̀, ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí kó tó gun òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ìgbà tí ọdún òkè náà bọ́ sí, àti ibi tó lè sùn mọ́jú ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré. Kí ìkànnì náà sì tètè ṣí lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú.