Ẹ Jẹ́ Kí Micro:bit Kọ́kọ́ Kọ́ Dò-Re-Mí

Láti ìgbà tí micro:bit ti dé yàrá kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni mò ń gbọ́. Àwọn kan ní kò kan Ẹgbẹ́ Yorùbá, pé ewì àti oríkì ni tiwa. Àwọn mìíràn ní nítorí pé kò pọ̀, kí àwọn sẹ́níọ̀ tó ń lọ síbi ìdíje nìkan máa fọwọ́ kàn án. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ wa gan-an ló yẹ kó gbé e fún àwọn júníọ̀, ohùn èdè wa ló sì yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí i, pátákó pẹlẹbẹ kan ni, sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Iná pupa tín-ín-tín 25 wà lójú rẹ̀, márùn-ún lọ́nà márùn-ún. Ó ní bọ́tìnnì méjì, A lọ́wọ́ òsì, B lọ́wọ́ ọ̀tún. Irú èyí tó jáde ní ìparí 2020 ní sípíkà lára. Ní 2016, nígbà tí BBC àti àwọn tó bá wọn ṣe é pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ní Bìrìtéènì, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12 ni wọ́n pín in fún. Ọmọ náà ló ni ín, ó ń gbé e lọ sílé. Kí ló wá dé tí ọmọ JSS1 tiwa fi ní láti máa wò ó nínú kọ́bọ́ọ̀dù?

Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kí iná náà ya àwòrán ọkàn. Ó yà á, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ó parí. Ọmọ náà kàn tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni. Bí nǹkan bá yíwọ́, àfi kó pe tíṣà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohùn èdè rẹ̀ ló ń ṣe, etí rẹ̀ ni tíṣà. Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde?

Ẹ wò ó. Ohùn mẹ́ta la ní: dò, re, mí. Bọ́tìnnì méjì ni micro:bit ní, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà tẹ̀ ẹ́: A nìkan, B nìkan, àti méjèèjì pọ̀. A ó ṣí MakeCode lórí kọ̀ǹpútà. A ó fa búlọ́ọ̀kì “on button A pressed” jáde, a ó fi “play tone” sínú rẹ̀, a ó sì kọ 262 síbẹ̀. Dò nìyẹn. Kí A+B gba 294, re nìyẹn. Kí B gba 330, mí nìyẹn. Àwòrán micro:bit kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà tí a lè tẹ̀ láti dán an wò, nítorí náà ẹni tí pátákó kò tíì kàn pàápàá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó tẹ Download, a ó sì fa fáìlì náà sínú MICROBIT, bí ìgbà tí a ń fa orin sínú flash. Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí MICROBIT rárá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà. Àwọn wáyà fóònù kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé fáìlì.

Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Re, re: ọkọ ìyàwó. Re, mí: ọkọ́ tí a fi ń roko. Re, dò: ọkọ̀ tó gbé wa wá sílé-ìwé. Dò, dò: ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń jù. Bí júníọ̀ kan bá ṣèèṣì kọ 330 sí A, ọkọ̀ rẹ̀ á di ọkọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì máa wá ibi tó ti yíwọ́. Wíwá ibi tó ti yíwọ́ yẹn, òun ni ìdajì iṣẹ́ ẹni tó ń kọ prógíráàmù.

Àwọn sẹ́níọ̀ kan á ní eré ọmọdé ni búlọ́ọ̀kì, pé Python ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Kò burú. MakeCode fúnra rẹ̀ lè fi búlọ́ọ̀kì tí a tò hàn wá ní Python. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe, àmì kan ṣoṣo tó gbàgbé á lé e padà sí họ́sítẹ̀ẹ̀lì.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Hausa là ń sọ lọ́jà níbí, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Bí a bá ń kọ Yorùbá, ṣe là ń fọ́n àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Micro:bit kì í gba ìfọ́nká. O ní láti mọ ohùn tí ọ̀rọ̀ gbà kí o tó tẹ bọ́tìnnì.

N ò sọ pé ó lè ṣe gbogbo nǹkan o. Ìlà iná márùn-ún ni lẹ́tà ńlá kan máa ń gbà tán, kò sí àyè fún àmì abẹ́ ẹ àti ọ. Bákan náà, ilẹ̀ àti ọkọ̀, orin kan náà ni wọ́n ń kọ lẹ́nu rẹ̀. Ilé àti ọkọ́ náà rèé. Àmọ́ ìṣòro dùndún náà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń fi odidi gbólóhùn sọ̀rọ̀ dípò ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí èyí, kò ní gbọ́ ìlù bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ṣé iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Yorùbá kọ́ nìyẹn ni?

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má fòyà. Prógíráàmù tí kò dáa kò lè ba pátákó náà jẹ́. Tuntun kàn ń rọ́pò ti àtijọ́ ni. Omi àti irin ni ká yẹra fún. Bátìrì AAA méjì ló ń lò, NEPA ò lè dí wa lọ́wọ́. Kí ọmọ mẹ́ta pín ẹyọ kan: kí ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́, kí èkejì kọ̀yìn sí i kó máa kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ pẹ̀lú àmì, kí ẹ̀kẹta máa fi ìwé atúmọ̀-èdè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà. Ìdajì wákàtí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa la ń tọrọ, ẹ jọ̀ọ́.