Kámẹ́rà Nínú Igbó Ọmọ

Ní 1925 ni ìjọba ya Igbó Ọmọ ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Erin ṣì ń rìn níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ erin ju ti inú ìwé lọ.

Àwọn òbí kan ń pe yíya àwòrán ní eré. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ẹyẹ ń kọ́ sùúrù. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rìn ń kọ́ bí a ti ń dákẹ́ kí ẹnìkejì lè ya tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ra kámẹ́rà fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ayàwòrán tó mọṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ igbó sì máa mú àwọn ọmọ lọ. Ayùn agégi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run fi ọgbà lé Ádámù lọ́wọ́ kí ó lè tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ọmọ kò rí rí, báwo ni yóò ti ṣe tọ́jú rẹ̀?