Agogo Ọwọ́ Wo Ló Yẹ Ojoojúmọ́?

Ẹni tó bá dúró ní Òkè-Ìléwó níhìn-ín lówùúrọ̀, nígbà tí èrò ń wọ báńkì, yóò rí i pé agogo ọwọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń mọ àkókò nìkan mọ́. Òun ni àwọn mìíràn fi ń mọ olówó. Ìdí nìyí tí oníṣòwò àti olùkọ́ fi ń bèèrè pé, nínú àwọn agogo olówó ńlá tí a ṣe fún òmùwẹ̀ àti eléré ìdárayá, èwo ni kí àwọn máa so mọ́wọ́ lójoojúmọ́?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ mẹ́ta wò. Rolex Submariner jáde ní 1953 fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkun. Omega Seamaster ti wà láti 1948. Irú rẹ̀ tí à ń pè ní Diver 300M dé ní 1993. Ẹ̀kẹta ni Seiko 5 Sports ti àwọn ará Jàpáànì. Méjì àkọ́kọ́ gba omi dé mítà 300, Seiko gba mítà 100. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ń wọ ìsàlẹ̀ odò Ògùn lọ tajà? Òjò, òógùn, omi ìfọwọ́ àti eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá agogo tiwa, mítà 100 sì ká gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ mítà 30 sí ni kí ẹ ṣọ́ra fún: kò ṣeé fi lúwẹ̀ẹ́, omi tó ta síni lára nìkan ló lè gbà.

Ní ti àkókò ńkọ́? Rolex ṣèlérí pé agogo òun kò ní fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 yá tàbí falẹ̀ lóòjọ́. Seiko 5 lè fi ju 30 ṣìnà. Àmọ́ agogo oníbátìrì lásán kì í sábà ṣìnà ju 20 lọ ní oṣù kan gbáko! Nígbà tí Seiko kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Tokyo ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, owó rẹ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan. Lónìí, apá olùkọ́ ká a. Nítorí náà, ẹni tó ra Rolex kò ra àkókò tó péye jù. Iṣẹ́ ọwọ́, ẹwà àti orúkọ ló rà.

Bí owó bá wà nílẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì ń rìn láàárín èrò, ẹ mú Omega: owó rẹ̀ kéré sí ti Rolex, ojú olè kò sì pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rò pé òun lè tà á lẹ́yìn ọ̀la ni kó mú Rolex. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá ń yọ́ lọ, ojúlówó ni. Irọ́ ni, ayédèrú náà ń yọ́ lọ. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gba rìsíìtì, kí alágogo tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí agogo náà bá sọnù lónìí, ṣé ọjà yóò ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la? Ṣé owó ilé-ìwé ọmọ yóò pé? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé owó ọjà lẹ so mọ́ ọrùn ọwọ́. Owó Rolex kan lè ra Seiko tó ju ogún lọ. Agogo ojoojúmọ́ ni èyí tí a lè wọ láìsí ìbẹ̀rù, tí a sì lè pàdánù kí ilé má mì. Àwọn àgbà ìlú wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.