Àbójútó Iná Mànàmáná Bọ́ Sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó: Àwọn Ìpinnu Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Ọjọ́ 4 Oṣù Kẹfà Ọdún 2025

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, pàṣẹ pé kí àbójútó ọjà iná ní Ìpínlẹ̀ Èkó kúrò lọ́wọ́ òun, kí ó sì bọ́ sí ọwọ́ LASERC, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àṣẹ náà ní kí gbogbo ètò yìí parí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ètò yìí mú ọ̀pọ̀ ìpinnu lọ́wọ́ tí ó kan owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san, mítà tí ó wà lára ògiri, àti ọ́fíìsì tí aráàlú yóò máa mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí ìròyìn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́ ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àṣẹ lè kúrò ní Àbújá dé Èkó lọ́jọ́ kan, kí iná tí ń wọ ilé má sì fi wákàtí kan pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Ohun tí ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2025 wà fún ni láti fún wa ní agbára láti pinnu. Bí a bá ṣe lo agbára yẹn ni yóò sọ bóyá olùgbé ìpínlẹ̀ yìí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ó dé

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná fún àwọn àgbègbè tí ìsokọ́ra iná gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí a mọ̀ sí national grid, kò bá dé. Ní ìpínlẹ̀ bí Èkó, tí wáyà ìsokọ́ra náà ti gba inú rẹ̀ kọjá láti ọdún pípẹ́, àyè yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún ohunkóhun. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wá ọ̀nà láti pèsè iná láti orí ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1999, kò lè dá a ṣe. Àfi kí ìjọba àpapọ̀ àti NEPA wọ inú àdéhùn náà.

Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ìdènà yìí kúrò, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tí ó fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e, àti láti pín in, kódà níbi tí ìsokọ́ra orílẹ̀-èdè bá dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin ti ọdún 2005. Òfin tuntun yìí ni ó la ọ̀nà ìyípadà sílẹ̀: ìpínlẹ̀ yóò ṣe òfin tirẹ̀, yóò dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, yóò fi tó NERC létí, a ó sì fi oṣù mẹ́fà parí gbígbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹnúgu, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí ó ṣáájú wa. Òfin Iná Mànàmáná Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2024, tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí, ni ó wá gbé Èkó sórí ìlà náà.

Àwọn ìgbésẹ̀ inú ètò náà

Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2025. NERC fún àwọn ilé-iṣẹ́ apínná méjèèjì tí ó wà ní Èkó, Eko Electricity àti Ikeja Electric, ní 60 ọjọ́ láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá kí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ ọmọ fún wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì mọ sí Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ètò náà ní kí ilé-iṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan tọ LASERC lọ fún ìwé-àṣẹ. Ìwé-àṣẹ yìí ṣe kókó ju bí orúkọ rẹ̀ ti mọ lọ. Inú rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ iye mítà tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sílé oníbàárà sí, iye owó tí yóò ná lórí tiransífọ́mà àti wáyà, àti ìyà tí yóò jẹ bí kò bá mú ìlérí ṣẹ. Ohun tí a kò bá kọ sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò ṣòro láti béèrè fún un lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ̀kẹta ni pípín ohun ìní, òṣìṣẹ́ àti gbèsè láàárín ilé-iṣẹ́ àtijọ́ àti ti tuntun. Wáyà kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2024, Eko Electricity ni ó ń pín iná fún Agbára, tí ó jẹ́ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi mítà sí ojú ààlà kí a lè mọ iye iná tí ó wọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí iná tí ó bá kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn yóò ṣì wà lábẹ́ NERC. Gbèsè ni ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí àjọ àbójútó bá gbà pé ó jẹ́ ìnáwó tòótọ́ fún ilé-iṣẹ́ apínná ni ó máa ń wọ inú owó iná. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá gbé gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé, oníbàárà ni yóò san án díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Owó iná: apá tí ó wà lọ́wọ́ wa àti apá tí kò sí

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni iye owó iná ti gun òkè fún àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí ó kéré tán 20 wákàtí iná fún lójúmọ́. Láti nǹkan bí ₦68 fún yúníìtì kan, ó fò sókè sí ₦225. Ní oṣù Karùn-ún ó sọ̀ kalẹ̀ sí ₦206.80, ní oṣù Keje ó sì di ₦209.50. Ní iye yẹn, ìdílé tí ó bá lo 100 yúníìtì lóṣù yóò san ₦20,950, àti owó orí ọjà tí ó jẹ́ 7.5%, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦22,521.25. Àwọn tí ó wà ní Band B, tí ìlérí tiwọn jẹ́ 16 wákàtí, títí dé Band E tí ó jẹ́ wákàtí 4, kò rí irú àfikún bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ń ru apá kan nínú owó náà.

Ọ̀pọ̀ retí pé LASERC yóò gé owó yìí lulẹ̀ lọ́gán. Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Apá kìíní ni owó iná láti ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè rẹ̀. Gáàsì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò, dọ́là ni a sì fi ń pinnu iye rẹ̀: ìjọba àpapọ̀ fi í sí $2.42 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 fún ìwọ̀n kan. Bí náírà bá ṣubú, iná wọ́n. Apá kejì ni owó gbígbé iná láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí TCN, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń gbà. Apá kẹta ni owó ilé-iṣẹ́ apínná fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná wa bá ṣì ń ti inú ìsokọ́ra orílẹ̀-èdè wá, apá kẹta yìí nìkan ni LASERC yóò lè tún ṣe. Egbin, tí ó wà ní Ìkòròdú, tí agbára rẹ̀ sì tó mẹ́gáwáàtì 1,320, inú ìsokọ́ra yẹn ni ó ń da iná rẹ̀ sí. Bí ìsokọ́ra náà bá wó, bí ó ti wó léraléra ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Ìkòròdú pàápàá yóò wà lókùnkùn.

Apá kẹta náà kò kéré. Inú rẹ̀ ni iná tí ó ṣòfò lójú wáyà wà, àti èyí tí a jí, àti èyí tí a lò láìsan owó. Mélòó nínú àdánù yìí ni ẹni tí ń san owó rẹ̀ déédéé yóò bá wọn rù? LASERC ni yóò dáhùn ìbéèrè yìí, ibẹ̀ sì ni ó ti lè dáàbò bo aráàlú jù lọ. Bí ó bá le mọ́ ilé-iṣẹ́, mítà yóò pọ̀, àdánù yóò dínkù. Bí ó bá dẹ ọwọ́, owó tí a ń san fún iná tí a kò rí yóò máa pọ̀ sí i.

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni ti owó ìrànwọ́. Bí ìpínlẹ̀ bá fi owó iná sí iye tí kò tó ohun tí a fi rà á, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san ìyókù. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá san án, inú àpò tí a fi ń ṣe ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ̀nà ni yóò ti jáde. Bí kò bá sí ẹni tí ó san án, ilé-iṣẹ́ apínná yóò dín iná tí ó ń rà kù, wákàtí iná yóò sì dínkù. Bí a bá sì ní kí owó Band B sí E lọ bá ti Band A, àwọn tí iná wọn kéré jù ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní ìnira. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣe ìpinnu náà ní gbangba, pẹ̀lú ìṣirò tí aráàlú lè yẹ̀ wò.

Ní ọ̀nà jíjìn, ibi tí òfin tuntun ti ṣí ìlẹ̀kùn jù ni pípèsè iná nínú ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ pèsè iná láti gáàsì tàbí láti oòrùn, kí ó sì tà á fún ọjà, fún agbègbè tàbí fún iléèwé láìgba inú ìsokọ́ra orílẹ̀-èdè, LASERC ni yóò lè fún ní ìwé-àṣẹ. Èyí gba ọdún, ó sì gba owó. Ṣùgbọ́n bí kò bá bẹ̀rẹ̀, a ó kàn yí ọ́fíìsì padà ni.

Ohun tí ó yẹ kí olùgbé ìpínlẹ̀ ṣe báyìí

Títí ìyípadà náà fi parí, NERC ni ó jẹ́ alábòójútó. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ apínná rẹ̀, yóò sì gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn náà, bí kò bá rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ alábòójútó. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀sùn àti rìsíìtì yín. Wọn yóò wúlò.

Ẹni tí ó wà ní Band A, kí ó máa ṣàkọsílẹ̀ wákàtí iná rẹ̀. Ìlànà tí NERC gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá kùnà ìlérí 20 wákàtí fún ọjọ́ méje léraléra, kí wáyà àdúgbò náà bọ́ sílẹ̀ kúrò ní Band A.

Ìyípadà yìí kò sọ mítà ẹnikẹ́ni di aláìwúlò. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí pé ó ní ìjọba Èkó ń pààrọ̀ mítà. Mítà tí a ń fi káàdì sí, tí kò gba nọ́ḿbà tuntun kí ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tó pé, ọ̀rọ̀ ti ìyẹn yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ apínná ni kí ẹ tọ̀ lọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, bí a bá pe aráàlú sí ìjíròrò lórí ìwé-àṣẹ tàbí lórí owó iná, ẹ wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ apínná yóò mú agbẹjọ́rò àti oníṣirò wọn wá síbẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, aránṣọ, alágbẹ̀dẹ irin àti olóúnjẹ dídì, tí iná jẹ́ irinṣẹ́ wọn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àga tiwọn ṣófo.