Ta Ni Kó Pa Ejò?

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣeré káàdì Magic ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ó sì kan èmi náà.

Ẹ ní ìkà ni arábìnrin yẹn torí pé ó fi Wrath of God pa gbogbo ẹ̀dá tó wà lórí tábìlì. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tó pariwo lé e lórí pé, "Kí ló dé? Ṣé ìjà la wá jà ni?" Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ojú wa wálẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí: Richard Garfield ló dá Magic sílẹ̀, ó jáde ní 1993. Èèyàn méjì ló sábà máa ń kojú ara wọn nínú rẹ̀, ẹ̀mí 20 lọ́wọ́ kálukú. Èyí tí àwa ń ṣe ni Commander, èyí tó ṣẹ̀ wá láti Alaska. Èèyàn mẹ́rin ló máa ń jókòó, ẹ̀mí 40, káàdì 100 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, o ò sì gbọdọ̀ ní káàdì kan náà ní méjì àfi ilẹ̀ lásán. (Bírò la fi ń kọ orúkọ káàdì tiwa sórí páálí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà ti sọ ní 2016 pé kò sí ìjà láàárín àwọn àti ẹni tó bá ṣe é fún ìlò ara rẹ̀, tí kò tà á, tí kò sì gbé e lọ sí ìdíje wọn.)

Ó dáa. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀gbẹ́ni kan gbé Rhystic Study kalẹ̀ ní ìyípo kẹta. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí o bá pe idán, olówó ẹ̀ á fa káàdì kan, àfi tí o bá san mana 1. Kò sẹ́ni tó san án. Disenchant tó ń gba mana 2 péré ì bá ti fọ́ ọ dànù. Mo rò pé ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi ní in. Òun náà rò pé èkejì ní in. Nígbà tó fi di ìyípo keje, káàdì ti kún ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni. Ó gbé Thassa's Oracle sílẹ̀, ó fi Demonic Consultation tẹ̀ ẹ́, mana 3 lápapọ̀. Gbogbo káàdì tó yẹ kó máa fà pòórá pátá, Oracle sì kéde pé òun ló borí. Counterspell kan ṣoṣo ì bá dá a dúró. Kò sí. La bá bẹ̀rẹ̀ sí bú u: olójúkòkòrò, ẹni tí kò mọ eré ṣe.

Ojúkòkòrò ta ni? Mo délé, mo tú káàdì mi ká. Nínú 99 tó wà lẹ́yìn ọ̀gágun mi, mẹ́ta péré ló lè fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíì. Ìyókù, dírágónì, dírágónì, àti ohun tó ń bọ́ dírágónì. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀: bí mẹ́ta bá wà nínú 99, ànfààní pé wàá rí ọ̀kan nínú káàdì méje àkọ́kọ́ jẹ́ 20 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó di 54. Èmi tí mò ń bú ọ̀gbẹ́ni, ẹlòmíì ni mo fẹ́ kó máa gbà mí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní tí mo bá ná káàdì kan láti pa káàdì ẹnìkan, àwa méjèèjì ti pàdánù, àwọn méjì tó kù sì ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í ná Swords to Plowshares sórí ẹ̀dá kékeré kan torí pé ó gbá a ní ẹ̀mí 2. Ẹ̀mí ọ̀tá mẹ́ta tó 120, ta ni ẹ̀dá yẹn fẹ́ pa? Fi pamọ́ de èyí tó máa parí eré. Ìdí nìyẹn náà tí Wrath of God fi dáa: káàdì kan, gbogbo tábìlì ló kàn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tìtorí ìyẹn yọ gbogbo ohun ìjà kúrò nínú ìdì káàdì ẹ̀? Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ. Tiwa yàtọ̀: obìnrin pa ejò, a lé obìnrin.

Ẹnìkan tún ní kí a kàn máa lo ìpele márùn-ún tí Wizards of the Coast gbé jáde ní oṣù Kejì 2025, kí kálukú sọ bí ìdì káàdì ẹ̀ ṣe lágbára tó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kò sí ìpele tó máa bá wa ki Disenchant bọ inú ìdì káàdì wa.

Dírágónì méje ni mo yọ lánàá. Ó dùn mí, pàápàá méjì tí mo ya àwòrán wọn fúnra mi. Wrath of God wà lára ohun tó rọ́pò wọn. Arábìnrin, tó o bá ka èyí, ẹ̀bi wa ni, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pariwo. Yàrá kan náà ni, ọjọ́ Ẹtì, aago méje. Àga ẹ ṣì wà níbẹ̀.