Orlando Martins Ti Ṣíwájú Wọn

Sí Olóòtú,

Orlando Martins, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, ti di òṣèré nínú sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn ní 1959. Àpilẹ̀kọ yín tó ní àwọn òṣèré òde òní ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tọ̀nà rárá. Martins ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ó ti ja ìjàkadì gbowó. Ní 1935 ó wà nínú sinimá Sanders of the River pẹ̀lú òṣèré Paul Robeson.

Ipa olóyè àti adáhunṣe ni wọ́n sábà ń fún un, èyí tó dunni, torí ẹ̀bùn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo The Hasty Heart (1949) á gbà. Blossom ló ṣe níbẹ̀, sójà Áfíríkà tó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú Ronald Reagan, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú àti ẹ̀rín ni Martins fi ṣe gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ òun lèèyàn ń wò.

Ó padà sílé, ó kópa nínú sinimá Kongi's Harvest ní 1970, ó sì kú l'Ékòó ní 1985.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀gùn, Èkó